Fyodor Tyutchev: Akéwì Èdè Rọ́ṣíà Tí Ó Fi Èdè Faransé Jẹun

Ìfáàrà

Bí a bá ní kí olùkọ́ èdè ní Nàìjíríà dárúkọ àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ Rọ́ṣíà, Alexander Pushkin ni ó ṣeé ṣe kí ó kọ́kọ́ dárúkọ, nítorí pé ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni Abram Gannibal tí ó jẹ́ bàbá àgbà fún ìyá Pushkin. Lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò kan Tolstoy, Dostoevsky àti Chekhov. Orúkọ Fyodor Tyutchev kì í sábà jáde. Ní Rọ́ṣíà fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ni àwọn ọmọ ilé-ìwé níbẹ̀ ti máa ń há ewì rẹ̀ sórí, àwọn onímọ̀ sì máa ń kà á mọ́ àwọn akéwì tí ó ga jù lọ ní èdè náà. Ó wà lára àwọn akéwì tí a mọ̀ sí akéwì Romantic, ìyẹn àwọn akéwì Yúróòpù ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún àti ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n gbé ìmọ̀lára ọkàn, ìṣẹ̀dá àti àṣírí inú ènìyàn ga ju òfin àtọwọ́dọ́wọ́ ewì lọ. Ó sì tún jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ṣojú Rọ́ṣíà ní ilẹ̀ òkèèrè.

Ohun tí ó mú kí ìtàn rẹ̀ kan àwa olùkọ́ èdè abínibí gbọ̀ngbọ̀n ni irú ayé tí òun àti èdè jọ gbé. Èdè Faransé ni wọ́n ń sọ nílé bàbá rẹ̀. Èdè Faransé ni ó fi ṣiṣẹ́ ìjọba, òun ni ó fi kọ ọ̀pọ̀ jù lọ lẹ́tà rẹ̀, òun náà ni ó sì fi ń bá àwọn tí ó fẹ́ sọ́dẹ̀dẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó lo nǹkan bí ọdún 22 ní ẹ̀yìn odi. Síbẹ̀, èdè Rọ́ṣíà ni ó fi kéwì, ewì náà ni kò sì jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ parẹ́. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé èyí kò ṣẹlẹ̀ lásán, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹ̀bùn àbímọ́ni nìkan ni ó fà á. Àwọn kan wà tí wọ́n gbin èdè náà sí i nínú nígbà tí ó wà lọ́mọdé. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n kó èso rẹ̀ jọ nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò kà á sí nǹkan kan. A ó tẹ̀ lé ìgbésí-ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a ó sì wo bí òkìkí rẹ̀ ṣe kàn, kí a tó sọ ohun tí ó kàn wá níbẹ̀.

Ìbí àti Ìtọ́dàgbà

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 1803, bí a bá fi kàlẹ́ńdà òde òní kà á, ni a bí Tyutchev ní Ovstug, abúlé kan ní agbègbè Bryansk. Ìdílé ọlọ́lá ni wọ́n. Wọ́n ní ilẹ̀ rẹpẹtẹ, wọ́n sì ní àwọn ẹrú tí ń ro ó. Ní ayé ìgbà náà, èdè Faransé ni àmì ọ̀làjú láàrin àwọn ọ̀tọ̀kùlú Rọ́ṣíà. Wọ́n a máa gba olùkọ́ láti ilẹ̀ Faransé sílé fún àwọn ọmọ wọn, èdè yìí náà ni wọ́n sì fi ń kí ara wọn lóde àríyá. Lójú ọ̀pọ̀ nínú wọn, èdè àwọn ìránṣẹ́, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ará ọjà ni èdè Rọ́ṣíà. Ní 1812, Napoleon, olú-ọba Faransé, kó ogun wọ Rọ́ṣíà. Ìdílé Tyutchev sá kúrò ní Moscow lọ sí Yaroslavl. Ogun náà lé wọn kúrò nílé, ṣùgbọ́n kò lé èdè Faransé kúrò lẹ́nu wọn.

Ọ̀nà mẹ́ta ni èdè Rọ́ṣíà gbà wọ inú ọmọ yìí. Èkíní ni Nikolai Khlopov, ẹrú tí a ti dá sílẹ̀ lómìnira, tí ó mọ̀wé-kà, tí wọ́n fi ṣe alágbàtọ́ ọmọ náà láti ìgbà tí ó ti wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́rin. Khlopov kò gbọ́ Faransé. Èdè ilẹ̀ Rọ́ṣíà, bí àwọn mẹ̀kúnnù ṣe ń sọ ọ́, ni ó fi bá ọmọ náà ṣeré, òun ni ó fi bá a wí, òun ni ó sì fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Èkejì ni ẹ̀sìn. Ìyá rẹ̀, Ekaterina, tí ó ń sọ Faransé láti òwúrọ̀ dalẹ́, kì í fi Faransé gbàdúrà. Èdè ìjọsìn ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì, tí ó jẹ́ èdè Slavic àtijọ́ tí èdè Rọ́ṣíà gba ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ láti inú rẹ̀, ni ó fi ń ka ìwé àdúrà. Etí ọmọ náà mọ ìró èdè yìí kí ó tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni olùkọ́. Semyon Raich, tí wọ́n gbà láti máa kọ́ ọ nílé, jẹ́ akéwì, ó sì jẹ́ ògbufọ̀ tí ó túmọ̀ iṣẹ́ Virgil láti èdè Látìn àti iṣẹ́ Tasso láti èdè Ítálì sí èdè Rọ́ṣíà. Raich kò bá Faransé jà nínú ilé náà. Ohun tí ó ṣe ni pé ó fún ọmọ náà ní iṣẹ́ tí èdè Rọ́ṣíà nìkan lè ṣe: ó ní kí ó máa túmọ̀ àwọn akéwì Látìn sí èdè abínibí rẹ̀. Kí Tyutchev tó pé ọmọ ọdún 14 ni ó ti ń túmọ̀ ewì Horace. Ní 1819, wọ́n tẹ ọ̀kan nínú àwọn ìtumọ̀ náà jáde, kò sì tíì pé ọmọ ọdún 16. Ọdún yẹn kan náà ni ó wọ Yunifásítì Moscow, ó sì parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní 1821.

Ìgbé-ayé ní Munich

Ní 1822, Tyutchev gba iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n sì rán an lọ sí Munich, olú-ìlú ìjọba Bavaria ní ilẹ̀ Jámánì. Ipò tí ó kéré ni wọ́n fi í sí ní ilé-iṣẹ́ aṣojú Rọ́ṣíà níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó rò pé yóò pẹ́ tó ọdún 22 kí ó tó padà wá máa gbé nílé. Khlopov tẹ̀ lé ọmọ tí ó tọ́ lọ sí ọ̀nà jíjìn náà. Nígbà tí ikú Khlopov sún mọ́lé, ó fi àwòrán mímọ́ kan sílẹ̀ fún Tyutchev, èyí tí ó kọ àwọn ọjọ́ ìrántí ìgbé-ayé àwọn méjèèjì ní Munich sí.

Iṣẹ́ aṣojú ìjọba nígbà náà kò ní èdè mìíràn ju Faransé lọ. Òun ni àwọn ìjọba Yúróòpù fi ń kọ̀wé síra wọn. Tyutchev fi í kọ ìròyìn fún àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ní 1826, ó fẹ́ Eleonore, opó kan láti ìdílé Bothmer ní Jámánì, ẹni tí kò gbọ́ èdè Rọ́ṣíà. Ọmọbìnrin mẹ́ta ni wọ́n bí: Anna, Daria àti Ekaterina. Faransé àti èdè Jámánì ni a fi tọ́ wọn.

Ìlú Munich fún un ní ohun tí kò lè rí nílé. Ó mọ Schelling, onímọ̀ ọgbọ́n orí tí ó ń kọ́ni pé ẹ̀mí kan náà ni ó wà nínú ìṣẹ̀dá àti nínú ọkàn ènìyàn. Ní 1828, ó bá Heinrich Heine dọ́rẹ̀ẹ́, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ túmọ̀ ewì Heine sí èdè Rọ́ṣíà. Ó túmọ̀ Goethe àti Schiller pẹ̀lú. A rí i pé iṣẹ́ tí Raich fi lé e lọ́wọ́ nígbà èwe kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀: bí ó bá ti rí ohun tí ó dára ní èdè mìíràn, ó fẹ́ mọ bí yóò ṣe dún ní èdè tirẹ̀.

Nínú ilé àti ní ibi iṣẹ́ tí a kò ti ń sọ èdè Rọ́ṣíà yìí ni ó ti kọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ewì tí ó dára jù lọ: ewì òru àti ọ̀sán, ewì òkun, ewì ìjì àkọ́rọ̀ òjò, àti ewì tí ó fi ọ̀rọ̀ Látìn náà, Silentium!, ṣe àkọlé rẹ̀, níbi tí ó ti gba ọkàn níyànjú láti dákẹ́ nítorí pé èrò tí a bá ti sọ jáde ti yàtọ̀ sí èyí tí a rò. Àwọn ewì náà kúrú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju ìlà 8 sí 20 lọ. Nínú wọn ni a ti ń bá àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ pàdé, ọ̀rọ̀ ńláńlá inú èdè ìjọsìn àti ti àwọn akéwì ọ̀rúndún kejìdínlógún. Yury Tynyanov, onímọ̀ lítíréṣọ̀ ní Rọ́ṣíà, ṣàlàyé ní àwọn ọdún 1920 pé ewì Tyutchev dà bí ẹ̀kìrì tí a gé lára àwọn ewì ìyìn gbọọrọ ti ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ní èrò tiwa, àlàyé yìí bá ìgbésí-ayé rẹ̀ mu. Èdè tí kò bá ọjà àti ìjókòó ojoojúmọ́ rìn a máa pa ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ rẹ̀ mọ́. Tyutchev kò ná èdè Rọ́ṣíà bí ẹni ná owó ọjà. Ó tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tọ́jú aṣọ tí a kì í wọ̀ lọ sóko.

Bí Àwọn Ewì Náà Ṣe Dé Ọ̀dọ̀ Pushkin

Kò sí akéwì tí ó ṣàìbìkítà fún iṣẹ́ ara rẹ̀ tó Tyutchev. Ní 1833, wọ́n rán an níṣẹ́ lọ sí ilẹ̀ Gíríìsì. Nígbà tí ó padà dé, ó jókòó ní àṣálẹ́ ọjọ́ kan láti ya ìwé tí kò wúlò sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó wúlò. Nínú ìmọ́lẹ̀ bàìbàì náà, ó ba ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ewì rẹ̀ jẹ́, pẹ̀lú apá kan nínú ìtumọ̀ iṣẹ́ ńlá Goethe tí a ń pè ní Faust. Ó dùn ún fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbé e kúrò lọ́kàn.

Ivan Gagarin, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Munich, ni kò gbé e kúrò lọ́kàn. Nígbà tí Gagarin padà sí Saint Petersburg, ó kọ̀wé sí Tyutchev pé kí ó fi ewì ránṣẹ́ sí òun. Ìdìpọ̀ ewì náà dé ní 1836. Gagarin fi han akéwì Vyazemsky àti Zhukovsky. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni ó ti dé ọwọ́ Pushkin, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìwé àtìgbàdégbà kan tí ó ń jẹ́ Sovremennik sílẹ̀ ní ọdún náà. Pushkin tẹ ewì 16 jáde nínú apá kẹta, ó sì tẹ 8 mìíràn nínú apá kẹrin. Àkọlé tí wọ́n fún wọn sọ pé ewì tí a fi ránṣẹ́ láti Jámánì ni wọ́n. Lẹ́tà méjì péré ni ó dúró fún orúkọ ẹni tí ó kọ wọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1837, Pushkin kú látàrí ìjà ìbọn. Ìwé náà ṣì ń tẹ ewì Tyutchev fún ọdún díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ariwo kò sọ, ọ̀pọ̀ òǹkàwé kò sì mọ ẹni tí akéwì náà í ṣe.

Ìṣubú àti Ìpadàbọ̀

Iṣẹ́ aṣojú ìjọba kò gbé Tyutchev dé ibi gíga. Ní 1837, wọ́n gbé e lọ sí Turin ní Ítálì gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àgbà. Ní oṣù Karùn-ún 1838, Eleonore àti àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ ọkọ̀ ojú-omi láti Rọ́ṣíà láti lọ bá a. Ọkọ̀ náà gbiná ní tòsí Lübeck. Ivan Turgenev, tí ó wá di òǹkọ̀wé ńlá, wà nínú ọkọ̀ yìí kan náà nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́. Eleonore kó àwọn ọmọ náà yọ, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò yá dáadáa mọ́ lẹ́yìn ìpayà náà. Kí ọdún náà tó parí, ó kú sí Turin.

Ní 1839, Tyutchev fẹ́ Ernestine, opó mìíràn tí òun àti rẹ̀ ti mọ ara wọn tipẹ́. Ó fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀ láìgba àyè nítorí ìgbéyàwó yìí, ó sì pẹ́ kí ó tó ronú àtipadà. Ní 1841, wọ́n yọ ọ́ níṣẹ́, wọ́n sì gba oyè tí ó ní lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni ó tún lò ní Munich kí ó tó kó ìdílé rẹ̀ padà sí Rọ́ṣíà ní 1844. Ìjọba dá a padà sẹ́nu iṣẹ́ ní 1845. Láti 1848 ni ó ti wà lára àwọn tí ń yẹ ìwé wò kí ìjọba tó gbà wọ́n láàyè. Ní 1858, wọ́n fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ tí ń yẹ ìwé ilẹ̀ òkèèrè wò, ipò yìí ni ó sì wà títí tí ó fi kú. Iṣẹ́ aṣojú tí kò lè ṣe ní òkèèrè mọ́, ó fi ẹnu àti ìmọ̀ràn ṣe é nílé, nítorí Gorchakov, tí ó di mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní 1856, jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ní àwọn ilé ọlọ́lá Saint Petersburg, ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Bí ó bá ti ń sọ̀rọ̀, àwọn ènìyàn a pé lé e lórí. Èdè Faransé ni ó fi ń dá wọn lára yá. Èdè yìí náà ni ó fi kọ àwọn àròkọ òṣèlú rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Yúróòpù láàrin 1844 sí 1850, lórí Rọ́ṣíà àti Jámánì, lórí Rọ́ṣíà àti ìyípadà ìjọba, àti lórí ọ̀ràn póòpù ìlú Róòmù. Wọ́n dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nígbà náà. Lónìí, àwọn onímọ̀ ìtàn òṣèlú nìkan ni wọ́n ń wá wọn kà.

Ewì rẹ̀ kò ní irú àga àti tábìlì bẹ́ẹ̀. Orí ègé ìwé tí ó bá ṣèèṣì rí ni ó ń kọ ọ́ sí. Ivan Aksakov, tí ó fẹ́ Anna ọmọ rẹ̀, tí ó sì kọ ìtàn ìgbésí-ayé rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀, ròyìn pé Tyutchev wọlé ní alẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ti pa á gbingbin. Bí wọ́n ṣe ń bọ́ aṣọ tútù lára rẹ̀ ni ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun ti hun ìlà díẹ̀ kan lójú ọ̀nà, ó sì pè é kí ọmọ náà kọ ọ́ sílẹ̀. Ewì náà, tí ó fi omijé ọmọ aráyé wé òjò àìdá, wà lára èyí tí àwọn ará Rọ́ṣíà mọ̀ jù lọ. Bí kò bá sí ọmọ tí ó di kálámù mú lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ṣeé ṣe kí ewì yẹn bá òjò ọ̀hún lọ.

Ìfẹ́ àti Ọ̀fọ̀

Ní 1850, Tyutchev, tí ó ti lé ní ọmọ ọdún 46, bẹ̀rẹ̀ ìfẹ́ ìkọ̀kọ̀ pẹ̀lú Elena Denisyeva, ọmọbìnrin ọdún 24. Ìfẹ́ náà kò pẹ́ ní ìkọ̀kọ̀. Àwùjọ ta Denisyeva nù. Ilé ọlọ́lá tí ó ṣí sílẹ̀ fún Tyutchev ti ilẹ̀kùn mọ́ obìnrin náà. Tyutchev kò kọ Ernestine sílẹ̀, kò sì fi Denisyeva sílẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ni Denisyeva bí fún un. Ní 1864, ikọ́ ẹ̀gbẹ pa obìnrin náà. Ní 1865, méjì nínú àwọn ọmọ náà kú. Àwọn ewì tí ó kọ nítorí ìfẹ́ yìí àti lẹ́yìn ikú obìnrin náà kò ṣàwáwí. Ó dá ara rẹ̀ lẹ́bi nínú wọn pé ẹni tí òun fẹ́ràn jù ni òun ṣe léṣe jù. Akéwì tí ó ti ń bi ìṣẹ̀dá léèrè ọ̀rọ̀ wá di ẹni tí ń bi ara rẹ̀ léèrè.

Nínú gbogbo èyí, ohun kan wà tí Ernestine ṣe tí ó yẹ kí olùkọ́ èdè gbọ́. Kò mọ èdè Rọ́ṣíà nígbà tí ó fẹ́ ọkọ rẹ̀. Ó ti dàgbà kí ó tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ, kí ó baà lè ka ohun tí ọkọ rẹ̀ ń kọ. Ó sì da àwọn ewì náà kọ sínú ìwé, ó ń tọ́jú wọn.

Ọjọ́ 27 oṣù Keje 1873 ni Tyutchev kú ní Tsarskoye Selo, lẹ́ni ọdún 69. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú. Kò lè dá nǹkan púpọ̀ ṣe mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gbìyànjú láti máa pe ewì. Wọ́n sin ín sí itẹ́ òkú Novodevichy ní Saint Petersburg.

Bí Òkìkí Rẹ̀ Ṣe Kàn

Òkìkí Tyutchev kò tọwọ́ rẹ̀ wá. Ní 1850, akéwì Nikolai Nekrasov, tí ó ti di olóòtú Sovremennik, kọ àròkọ kan nípa àwọn akéwì tí àwùjọ kò kà sí. Ó ránnilétí àwọn ewì ọdún 1836 náà, ó sì sọ pé ẹni tí ó kọ wọ́n yẹ ní ipò iwájú. Ní 1854, Turgenev kó ewì tí ó lé ní 90 jọ, wọ́n sì tẹ̀ wọ́n jáde, lákọ̀ọ́kọ́ pẹ̀lú Sovremennik, lẹ́yìn náà gẹ́gẹ́ bí ìwé kan tí ó dá dúró. Ìyẹn ni ìwé ewì rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó ti pé ọmọ ọdún 50 nígbà náà. Èkejì jáde ní 1868. Òun fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dá sí èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Inú rere Turgenev ní àléébù tirẹ̀. Ní àwọn ibì kan, Tyutchev mọ̀ọ́mọ̀ yí ìlù ewì padà láàrin ìlà, kí ohùn lè kọsẹ̀ níbi tí ọkàn ti kọsẹ̀. Wọ́n rò pé àṣìṣe ni. Nínú ìwé ọdún 1854, wọ́n tún irú ìlà bẹ́ẹ̀ ṣe kí ó lè lọ geere, Silentium! sì wà lára àwọn ewì tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Àwọn olóòtú ẹ̀yìn ọ̀la ni wọ́n padà lọ sí ìwé àfọwọ́kọ, tí wọ́n dá ìlù rẹ̀ padà fún un.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó tún wọ inú òkùnkùn díẹ̀. Ní 1895, onímọ̀ ọgbọ́n orí Vladimir Solovyov kọ àròkọ tí ó fi hàn pé èrò inú ewì rẹ̀ jinlẹ̀ ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Àwọn akéwì ìran tí ó tẹ̀ lé e, àgàgà Valery Bryusov, sọ ọ́ di bàbá ìsàlẹ̀ wọn. Leo Tolstoy ti fẹ́ràn rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Sergei Rachmaninov fi ewì rẹ̀ lórí omi ìgbà ìrúwé ṣe orin ní 1896. Nínú fíìmù Stalker tí Andrei Tarkovsky ṣe ní 1979, ewì Tyutchev ni a gbọ́ nígbà tí fíìmù náà ń parí lọ. Ilé ńlá Muranovo ní tòsí Moscow, níbi tí ìdílé rẹ̀ kó àwọn ohun ìní rẹ̀ sí, di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1920. Gbogbo ewì tí ó fi sílẹ̀ kò ju nǹkan bí 400 lọ, tí a bá ka ìtumọ̀ àti àwọn kéékèèké mọ́ ọn.

Apá Kejì Owó Ẹyọ

A kò gbọdọ̀ parí ìtàn yìí bí ẹni pé ènìyàn mímọ́ ni. Tyutchev gbà pé Rọ́ṣíà ni ó yẹ kí ó jẹ́ olórí gbogbo ẹ̀yà Slavic, ó sì kọ ewì òṣèlú púpọ̀ láti sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Póláǹdì dìde fún òmìnira ní 1830, tí ọmọ ogun Rọ́ṣíà sì gba Warsaw ní 1831, ó kọ ewì tí ó ka ẹ̀jẹ̀ Póláǹdì sí ẹbọ tí ó dunni ṣùgbọ́n tí kò ṣeé yẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún dìde ní 1863, ẹ̀yìn ìjọba ni ó wà. Lẹ́yìn ìjà náà ni a lé èdè Póláǹdì kúrò díẹ̀díẹ̀ ní ọ́fíìsì àti ilé-ìwé. Ní ọdún yẹn kan náà, Valuev, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣe gba ìwé ẹ̀sìn àti ìwé ẹ̀kọ́ láàyè ní èdè Ukraine. Àṣẹ náà kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ Tyutchev, ìwé ilẹ̀ òkèèrè ni tirẹ̀. Síbẹ̀ ìjọba tí ó ń kọrin rẹ̀ ni ìjọba tí ó ń gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Ẹni tí ó mọ bí èdè abínibí ti ń gbé inú ènìyàn láìka gbogbo èdè òde sí kò bi ara rẹ̀ léèrè bóyá bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ọmọ Póláǹdì àti ọmọ Ukraine. Ní orílẹ̀-èdè bíi tiwa, níbi tí èdè ńlá kan lè ṣe sí èdè kékeré bí èdè àjèjì ti ṣe sí i, ìbéèrè yìí kì í ṣe ti Rọ́ṣíà nìkan.

Ohun Tí Ó Kàn Wá

Àwọn kan lè fi Tyutchev ṣe ẹ̀rí pé èdè abínibí kì í kú, pé bí a tilẹ̀ fi èdè mìíràn tọ́ ọmọ, ti ìyá rẹ̀ yóò padà wá sí i lẹ́nu. Ìtàn náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ilé àwọn òbí rẹ̀ àti ilé tirẹ̀ jọra: Faransé ni a ń sọ nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n Khlopov wà nínú ti àkọ́kọ́, ìwé àdúrà wà níbẹ̀, Raich sì wà níbẹ̀. Nínú èkejì, ní Munich, kò sí irú wọn fún Anna àti àwọn àbúrò rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn akéwì tí ó ga jù lọ ní èdè Rọ́ṣíà ni bàbá wọn, síbẹ̀ Rọ́ṣíà kì í ṣe èdè tí wọ́n fi dàgbà. Èdè kì í ti inú ẹ̀jẹ̀ ran ọmọ.

Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ń wọ kíláàsì wa, ìbáà ṣe kíláàsì Hausa, Ìgbò, Yorùbá, Ẹ̀fíìkì tàbí Ẹ̀dó, ni ó ti inú ilé tí a ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì láti òwúrọ̀ dalẹ́ wá. A kò ní agbára lórí èdè ilé wọn. Raich náà kò ní in. Iṣẹ́ gidi ni ó gbé fún èdè abínibí láti ṣe, iṣẹ́ tí ó le tí ó sì dùn, kì í ṣe àkọ́sórí orúkọ ẹran àti ẹyẹ. Bí a bá ń fún ọmọ ní àyọkà tí ó níláárí láti túmọ̀ sí èdè rẹ̀, tí a sì ń jẹ́ kí ó jà fún ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu, a ti gbé ẹsẹ̀ lé ọ̀nà tí olùkọ́ yẹn là. Bí ó bá sì kọ ohun tí ìlù rẹ̀ ṣàjèjì sí wa, kí a kọ́kọ́ tẹ́tí sí i dáadáa kí a tó fa yíǹkì pupa sí i.

Faransé ni Tyutchev fi gba owó oṣù, òun ni ó fi gba oyè, òun ni wọ́n sì fi yìn ín lóde. Èyí tí ó kù lọ́wọ́ aráyé ni àwọn ewì kéékèèké tí ó kọ sórí ègé ìwé, ní èdè tí alágbàtọ́ kan tí kò lóyè fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Nínú gbogbo àwọn tí ó kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́, Khlopov nìkan ni kò mọ̀ pé olùkọ́ èdè ni òun.